60 GHz, Wi-Fi tàbí wáyà: èwo ló yẹ kí ẹ fi so ibi méjì pọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń gbé dátà gba inú afẹ́fẹ́ lónìí yóò bá oríṣi méjì pàdé lọ́jà. Ọ̀kan ni Wi-Fi tí gbogbo wa mọ̀, tó ń lo 2.4 GHz, 5 GHz àti 6 GHz nínú àwọn tó jẹ́ tuntun. Èkejì ń lo 60 GHz. (GHz ń sọ iye bílíọ̀nù ìgbà tí ìgbì rédíò ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; 1000 MHz ló wà nínú 1 GHz.) Lára páálí rẹ̀, ẹ óò rí WiGig, tàbí 802.11ad, tàbí 802.11ay, tí gbogbo wọn jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pe irú 60 GHz yìí. Ẹni tó ń tà á yóò sọ fún yín pé èkejì yára ju àkọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Iṣẹ́ tí 60 GHz wà fún yàtọ̀ sí iṣẹ́ Wi-Fi: wáyà ni wọ́n ṣe é láti rọ́pò. Bí ẹ bá lè ta okùn tààrà láti ibì kan dé ibì kejì kí okùn náà má sì kan ògiri, igi tàbí èèyàn, 60 GHz yóò ṣiṣẹ́ fún yín, yóò sì ṣe é dáadáa. Bí okùn náà bá kan nǹkan, ẹ fi owó yín sápò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ka gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ yìí nìyẹn. Ìyára tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun tó wà láàárín ibi méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ibi tí ìyára náà ti wá, àti ohun tó ná wọn

Ìgbì rédíò 2.4 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12.5. Ti 5 GHz jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Ti 60 GHz kò ju mílímítà 5 lọ, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irú rẹ̀ ní ìgbì onímílímítà.

Ààyè pọ̀ gan-an lókè lọ́hùn-ún. Lórí 5 GHz, ìkànnì tí ráútà sábà máa ń lò fẹ̀ tó 80 MHz, nígbà míì 160. Wi-Fi 7 lè lo 320 MHz lórí 6 GHz ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ṣí ibẹ̀ sílẹ̀. Lórí 60 GHz, ìkànnì kan ṣoṣo fẹ̀ tó 2160 MHz, ìyẹn ìlọ́po 27 ìkànnì 80 MHz. Fífẹ̀ yìí ni gbogbo àṣírí ìyára rẹ̀. 802.11ad, tí IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣe ìlànà Wi-Fi, fọwọ́ sí ní 2012, lè dé nǹkan bíi 7 Gbps lórí ìwé, ìyẹn bílíọ̀nù 7 bíìtì dátà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (Mbps ni ti mílíọ̀nù). 802.11ay, tó tẹ̀ lé e ní 2021, lè so ìkànnì mẹ́rin pọ̀ kí wọ́n di ọ̀kan, kí ó sì fi ju 20 Gbps lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi irú áńténà kékeré kan náà, tí a gé bá ìgbì kọ̀ọ̀kan mu, wọn 5 GHz àti 60 GHz, ní agbára kan náà, ní ọ̀nà jíjìn kan náà. Agbára tí yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á lórí 60 GHz yóò fi ìlọ́po 144 kéré sí ti 5 GHz, nítorí pé 60 jẹ́ ìlọ́po 12 ti 5, 12 lọ́nà 12 sì jẹ́ 144. Ohun tí àwọn tó ṣe é wá ṣe ni pé wọ́n to ọ̀pọ̀ áńténà wẹ́wẹ́ pọ̀ sójú kan, ó lè tó 32. Ìgbì náà kúrú débi pé gbogbo wọn lè wọ inú ohun tó kéré sí owó ẹyọ. Àwọn áńténà yìí á jọ da agbára wọn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bí iná tọ́ọ̀ṣì. Kí ẹ̀rọ méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yí tọ́ọ̀ṣì yẹn káàkiri títí wọ́n á fi mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù. Kíá ni wọ́n ń ṣe é, ẹ kò ní mọ̀.

Èyí ni bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe rí bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| | Wi-Fi 5 GHz | 60 GHz | Wáyà tàbí fáíbà |
|---|---|---|---|
| Fífẹ̀ ìkànnì | 80 tàbí 160 MHz | 2160 MHz | kò kàn án |
| Ògiri búlọ́ọ̀kù | ó ń kọjá, àmọ́ ó ń rẹ̀ ẹ́ | kò lè kọjá | ẹ óò lu ihò |
| Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, lórí kìlómítà 1 | kò tó nǹkan | ó ń jẹ nǹkan bíi 15 dB | kò kàn án |
| Òjò líle (mm 100 ní wákàtí), lórí kìlómítà 1 | nǹkan bíi 0.5 dB | nǹkan bíi 29 dB | kò kàn án |

Kí ẹni tí kò mọ dB má bẹ̀rù: 3 dB túmọ̀ sí pé agbára ti dín sí ìlàjì, 10 dB túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù.

Nínú ilé: fún fóònù àti kọ̀ǹpútà

Níbí, Wi-Fi ló borí, ó sì borí pátápátá. Ilé wa jẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré. 60 GHz tí ẹ gbé sí pálọ̀ yóò dúró sí pálọ̀. Ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ lè jẹ́ kí díẹ̀ yọ jáde, ó sì lè ta bá ògiri kí ó fi bẹ́ẹ̀ dé ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ kò lè gbára lé ìyẹn. Bí èèyàn bá gba àárín ráútà àti kọ̀ǹpútà kọjá, ara rẹ̀ nìkan tó láti dí ìgbì náà. Ẹ̀rọ yóò wá ọ̀nà mìíràn, ìyára yóò sì wálẹ̀.

Ní 2016, TP-Link gbé ráútà kan jáde tí wọ́n pè ní Talon AD7200, ó sì wà lára àwọn ráútà àkọ́kọ́ tó ní 60 GHz. Ẹ wo 7200 yẹn dáadáa. Wọ́n ṣírò 4600 Mbps ti 60 GHz, wọ́n ro 1733 ti 5 GHz mọ́ ọn, wọ́n tún ro 800 ti 2.4 GHz mọ́ ọn, wọ́n wá sún un sókè díẹ̀. Kò sí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kan tí yóò rí 7200. Ihò wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ 1 Gbps lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kọ̀ǹpútà kan tó wà lórí wáyà kò lè rán ju 1 Gbps lọ sí èyí tó wà lórí 60 GHz. Netgear R9000 tó jáde lọ́dún kan náà fi ihò 10 Gbps kan sí tirẹ̀, ìyẹn sì bọ́gbọ́n mu jù. Gbogbo ráútà tó bá ń polówó nọ́ńbà ńlá ni kí ẹ máa kà báyìí: ẹ tú nọ́ńbà náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ tó wo ihò tó wà lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tó ṣe pàtàkì fún wa ju gbogbo èyí lọ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń rà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ bá jẹ́ 50 Mbps, 60 GHz kò ní sọ ọ́ di 51. Àárín ẹ̀rọ yín sí ẹ̀rọ yín ló ti ń yára. Bí kò bá sí ohun ńlá tí ẹ̀rọ yín ń gbé fún ara wọn nínú ilé, bíi fídíò tí ẹ ń gé tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹ ra Wi-Fi 6 tó dára, kí ẹ gbé e sí àárín ilé, kí ẹ fi owó tó kù ra dátà.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àti dock tí kò ní wáyà

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ní 2013, Dell bẹ̀rẹ̀ sí í ta dock kan tó ń jẹ́ D5000, tí ó ń fi WiGig so kọ̀ǹpútà alágbèéká Latitude wọn mọ́ skrín ńlá, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì láìlo wáyà. Ẹ kàn gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ ti so pọ̀. Èrò tó dára ni. Intel náà ṣe káàdì tirẹ̀, 17265 àti 18260. Ṣùgbọ́n ní 2017 Intel fòpin sí títa àwọn káàdì WiGig wọ̀nyí fún kọ̀ǹpútà alágbèéká. Wáyà USB-C kan tó ń gbé skrín, dátà àti iná pọ̀ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, Thunderbolt 3, tó ń gba ihò USB-C kan náà, sì ń gbé 40 Gbps.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí dock WiGig lórí àtẹ ní owó pọ́ọ́kú, ẹ bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé káàdì WiGig wà nínú kọ̀ǹpútà mi? Kì í ṣe gbogbo Latitude ló ní in; ẹni tó kọ́kọ́ rà á tuntun ló yan bóyá kí wọ́n fi sí i. Ẹ ṣí Device Manager kí ẹ wò ó níbẹ̀. Bí kò bá sí, dock náà kò ní bá kọ̀ǹpútà yín sọ̀rọ̀ láéláé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra dock USB-C, àfi bí ẹ bá ti ní káàdì náà tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì rí dock rẹ̀ ní owó tí kò ní dùn yín.

Eré VR

Ibí yìí ni 60 GHz ti fi agbára rẹ̀ hàn nínú ilé. Skrín inú HTC Vive àkọ́kọ́, awò tí a ń dé sójú láti wọ inú ayé VR tí kọ̀ǹpútà yà, jẹ́ 2160 lọ́nà 1200, ó sì ń yí àwòrán ní ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá fi bíìtì 24 fún àmì kékeré kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán (pixel), nǹkan bíi 5.6 Gbps nìyẹn kí wọ́n tó fún un pọ̀. Adapter aláìníwáyà tí HTC gbé jáde ní 2018 lo WiGig láti ọwọ́ Intel. Wọ́n gbé áńténà rẹ̀ sí àtàrí ẹni tó ń ṣeré, kí ara rẹ̀ má bàa dí i, wọ́n sì ní kí ẹ gbé èyí tó ń rán an sókè. Ó fẹ́ ihò PCIe, ìyẹn ihò tí a ń ki káàdì sí nínú kọ̀ǹpútà ńlá, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà alágbèéká kò lè lò ó bó ṣe wà.

Ọ̀nà kejì ni ti Quest, awò VR ti ilé iṣẹ́ Meta, tó ń fún fídíò pọ̀ gan-an kí ó tó fi Wi-Fi 5 GHz tàbí 6 GHz lásán rán an. Fífún pọ̀ yẹn lè ba àwòrán jẹ́ díẹ̀, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ojú. Síbẹ̀, òun ni màá sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí wọ́n rà. Ráútà tí ẹ ti ní yóò ṣiṣẹ́, ẹ kò sì ní tú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ńlá, tó ń ṣeré nínú yàrá kan ṣoṣo, tí ojú rẹ̀ kò sì gba kí àwòrán bàjẹ́ rárá, òun ni WiGig yẹ fún.

Láàárín ilé méjì: ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná

Ilé ìwé tó ní ilé méjì sí òdì kejì títì. Ilé ìjọsìn tó fẹ́ gbé fídíò láti gbọ̀ngàn ńlá lọ sí gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ní kámẹ́rà ogójì ní ilé ẹ̀yìn, tí ẹ̀rọ tó ń gba fídíò wọn sílẹ̀ sì wà ní ilé iwájú. Níbí ni mo ti rò pé 60 GHz lè ṣe wá láǹfààní jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn kì í ti rántí rẹ̀. 5 GHz ni gbogbo àwọn tó ń gun òrùlé ń gbé síbẹ̀ nítorí pé òun ni wọ́n mọ̀.

Ìṣòro 5 GHz ní ìlú bí Èkó tàbí Ìbàdàn kò ju pé èrò ti pọ̀ lórí rẹ̀ lọ. Gbogbo òpó tó wà lórí òrùlé ládùúgbò ń pariwo lórí ìkànnì kan náà. Ẹni tó fẹ́ kí ìsopọ̀ rẹ̀ dúró yóò dín ìkànnì kù sí 40 tàbí 20 MHz, ìyára náà á sì lọ. Ṣùgbọ́n 5 GHz ń lọ jìnnà, ọ̀pọ̀ kìlómítà, òjò kò sì jẹ́ nǹkankan fún un.

60 GHz dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tín-ín-rín, kì í sì í lọ jìnnà, nítorí náà aládùúgbò kì í dí i lọ́wọ́. Ohun tó ń pa á jẹ ni afẹ́fẹ́ àti òjò. Ọ́síjìn tí a ń mí símú máa ń fa agbára ìgbì tó wà nítòsí 60 GHz, nǹkan bíi 15 dB ní kìlómítà kan. Ní mítà 10, ìyẹn kò jẹ́ nǹkankan. Ní mítà 200, ó jẹ́ 3 dB. Ẹ wá fi òjò kún un, òjò oṣù kẹfà tí ẹ kò lè fi rí ilé òdì kejì: bí ó bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n mílímítà 100 ní wákàtí, òun àti ọ́síjìn pọ̀ yóò jẹ nǹkan bíi 9 dB ní mítà 200. Ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára yín ló kù, ẹ̀rọ tó dára sì lè gbé ìyẹn. Ní kìlómítà kan, 44 dB ni wọ́n jọ máa jẹ, ìyẹn ìdá kan nínú bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìsopọ̀ yóò já, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí òjò yóò fi dá.

Torí náà, ẹ má ṣe gba jíjìn tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rọ gbọ́. Ilé iṣẹ́ MikroTik sọ pé Wireless Wire, ẹ̀rọ 60 GHz wọn, lè lọ tó mítà 200, pé èyí tó ní abọ́ sì lè ju kìlómítà 1 lọ. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n òjò ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n kọ́ ni òjò tiwa. Níbí, ní tèmi, ẹ lo àwọn kékeré fún mítà 150 sí ìsàlẹ̀, ẹ má sì gbé èyí tó ní abọ́ kọjá mítà 500, àfi bí ẹ bá ní ọ̀nà kejì. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ kí ẹ yan ìkànnì tó wà lókè, bíi 66.96 GHz, tí òfin sì gbà á, ẹ yan án fún ọ̀nà tó jìn, nítorí pé ọ́síjìn kì í fà á tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Òjò ṣì wà o.

Àwọn kan ti rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ òjò: wọ́n fi 5 GHz sínú ẹ̀rọ 60 GHz kan náà. Cube 60G ac ti MikroTik ní in, UniFi Building Bridge ti Ubiquiti náà ní in. Bí òjò bá gé 60 GHz, 5 GHz á gba iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, bí òjò bá dá, 60 GHz á padà. Bí owó yín bá tó o, irú èyí ni kí ẹ rà, ẹ má wo òmíràn.

Fífojú rí ibi tí ẹ ń lọ ṣe pàtàkì, àmọ́ 60 GHz kò béèrè àyè tó pọ̀. Ní mítà 200, àyè tó gbọ́dọ̀ ṣófo yí ìlà náà ká láàárín ọ̀nà kò ju ìdajì mítà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. 5 GHz fẹ́ ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Ó lè gba àárín táǹkì omi méjì kọjá níbi tí 5 GHz kò ti ní láyọ̀. Ṣùgbọ́n ewé igi máńgòrò kan tó wọ ìlà náà ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ wò ó ní àsìkò òjò nígbà tí ewé bá kún, ẹ má wò ó ní ọ̀gbẹlẹ̀. Òpó náà gbọ́dọ̀ le. Páìpù tín-ín-rín tó ń mì nínú ìjì yóò yí tọ́ọ̀ṣì yẹn kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé wáyà gan-an. Bí ilé méjèèjì bá wà nínú ọgbà kan náà, tí ilẹ̀ àárín sì jẹ́ tiyín, ẹ gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ ri fáíbà mọ́ inú páìpù. Kò sí rédíò tó lè bá a du ipò. Kí ó jẹ́ fáíbà o, kì í ṣe wáyà bàbà: bàbà Ethernet kò gbọ́dọ̀ kọjá mítà 100, ó sì ń gbé iná mànàmáná láti ilé kan sí èkejì, èyí tó lè sun gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní ìdí rẹ̀. Fáíbà dígí kì í gbé iná. Ibi tí fáíbà ti máa ń ṣòro ni títì ìjọba, tàbí ilẹ̀ ẹlòmíràn tó wà láàárín. Níbẹ̀ gan-an ni 60 GHz ti ń gba owó rẹ̀ padà.

Àwọn tí wọ́n ń da 5G mọ́ ọn

Wọ́n máa ń bi mí bóyá ohun kan náà ni pẹ̀lú 5G. Rárá. 5G tí MTN bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2022 wà lórí 3.5 GHz, tí NCC ta ní 2021. Àwọn 5G kan ní Amẹ́ríkà ń lo ìgbì onímílímítà, 28 tàbí 39 GHz, àmọ́ ilé iṣẹ́ fóònù ló ni wọ́n, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń lò ó. Ní 2020, ìròyìn kan tàn kálẹ̀ pé 5G ń fa ọ́síjìn kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn. Ọ̀rọ̀ 60 GHz yìí ni wọ́n gbọ́ ní àṣìgbọ́. Ọ́síjìn ló ń fa agbára ìgbì; ìgbì kò fa ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ náà wà bó ṣe wà, ẹ lè mí.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ ra méjèèjì láti ilé iṣẹ́ kan náà, kí ó jẹ́ irú kan náà, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ òde kì í sábà gbọ́ èdè ara wọn láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ wo ihò Ethernet rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 1 Gbps, 1 Gbps ni ẹ ń rà, ohun yòówù kí páálí sọ. Ẹ fi inverter kékeré sí ìdí méjèèjì; iná kékeré ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná ní ẹ̀gbẹ́ kan, méjèèjì ti kú. Ẹ ri wáyà ààrá mọ́lẹ̀ ní ìdí òpó. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ NCC ohun tí wọ́n gbà láàyè lórí 60 GHz ní ìta lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹ tó gun òrùlé, pàápàá bí ìlà náà bá máa kọjá lórí títì.